Kí ni prom gan-an, tí àwọn ọmọ girama Amẹ́ríkà ń tìtorí rẹ̀ múra bí ìyàwó?

Ní oṣù kẹrin ọdún tó kọjá, ìyá mi lọ gba gáùn kan lọ́wọ́ télọ̀ ní Ìbàdàn. Gáùn náà gùn dé ilẹ̀, ó ní ìrù tó ń wọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dán sì kún àyà rẹ̀ débi pé ọwọ́ méjèèjì ni Màmá fi gbé e. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ló ni ín. Nígbà tí fọ́tò dé sórí WhatsApp ẹbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Màmá rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú gáùn yẹn, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú tó dúró tì í, ó rí òdòdó lọ́rùn ọwọ́ ọmọbìnrin àti òdòdó láyà ọmọkùnrin. Kíá ló pè mí.

"Ta ni bàbá ọmọkùnrin yẹn? Ìgbà wo ni wọ́n wá tọrọ ọmọ tí ẹ ò sọ fún mi?"

Mo ní, "Màmá, ẹnikẹ́ni ò tọrọ ọmọ o. Prom ni wọ́n ń lọ."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní àríyá ilé ìwé ni. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn, nítorí mo ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé àwọn Yorùbá tó wà lókè òkun nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Òbí tó bá kà á sí àríyá lásán kò ní mọ ìdí tí ọmọ fi ń sunkún lóru tí wọ́n bá ní kó má lọ. Èyí tó bá kà á sí ìdána yóò bá ọmọ jà lórí ohun tí ọmọ náà kò tilẹ̀ rò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe yẹ kí n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Màmá.

Prom ni ijó alẹ́ tí ilé ìwé girama ní Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kejìlá, ìyẹn àwọn tó fẹ́ jáde. Lọ́pọ̀ ibi, àwọn kíláàsì kọkànlá tó tẹ̀lé wọn máa ń bá wọn lọ, tàbí kí wọ́n ní tiwọn lọ́tọ̀. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ló máa ń bọ́ sí. Wọ́n lè gba gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé ìwé tí owó rẹ̀ kò tó á lo gbọ̀ngàn eré ìdárayá tirẹ̀, wọ́n á fi iná àti aṣọ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ títí tí kò fi ní jọ ibi tí wọ́n ti ń gbá basketball mọ́. Ọjọ́ ìgbàwé-ẹ̀rí yàtọ̀ sí i pátápátá. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń wọ aṣọ àwọ̀sókè àti fìlà onígun mẹ́rin, tí àwọn òbí á jókòó, tí wọ́n á pe orúkọ ọmọ. Nínú gbọ̀ngàn prom, àwọn ọmọ àti àwọn àgbàlagbà tó ń ṣọ́ wọn, pàápàá olùkọ́, ló máa ń wà. Ó tún yàtọ̀ sí homecoming, ijó tí wọ́n ń ṣe ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá nígbà eré bọ́ọ̀lù wọn, tí gbogbo kíláàsì lè lọ. Bí ẹ bá rí ọmọ ní Texas tó gbé òdòdó ńlá kọ́ àyà, tí rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ gùn dé orúnkún, homecoming nìyẹn.

Orúkọ yìí jẹ́ gígékúrú. Promenade ni odindi rẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí ìrìn gbẹ̀fẹ́. Láyé ọjọ́un, bí àwọn ọlọ́lá bá ń ṣe òde ijó, àwọn àlejò á kọ́kọ́ tò ní méjì-méjì, wọ́n á yan fanda wọ gbọ̀ngàn kí ojú lè rí aṣọ wọn, kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Yíyan yẹn ni wọ́n fi sọ gbogbo òde náà lórúkọ. Àkọsílẹ̀ tí àwọn òpìtàn sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí èyí tó pẹ́ jù wá láti ọdún 1894: akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin kan ní Amherst College, ní Massachusetts, kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ pé wọ́n pe òun sí prom ní Smith College, ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin tó wà nítòsí wọn. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ni prom nígbà náà.

Ibi tí àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti wò ó kọ́ gan-an ló jẹ́ kí n máa rò pé ìbéèrè Màmá kò jìnnà sí ìdí ọ̀rọ̀. Àwọn ìdílé olówó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ijó kan tí wọ́n fi ń mú ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà jáde sí gbangba, nínú aṣọ funfun, kí àwọn ìdílé tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ lè mọ̀ pé ó ti tó gbé níyàwó. Nígbà tí àwọn tí kì í ṣe olówó rí èyí, wọ́n mú aṣọ rẹ̀, wọ́n mú ijó rẹ̀, wọ́n mú ìwà ọmọlúàbí tó wà nídìí tábìlì oúnjẹ rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ìyàwó sílẹ̀. Ọmọ awakọ̀ àti ọmọ alágbàfọ̀ náà lè wọ aṣọ ọlọ́lá fún alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti wọ ilé ìwé girama ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tó sì fi máa di àwọn ọdún 1930 ó ti gbilẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, owó dé ọwọ́ àwọn ìdílé, prom sì bọ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ní 1975, inú White House gan-an ni ilé ìwé Susan Ford, ọmọ Ààrẹ Gerald Ford, ti ṣe tiwọn.

Ohun tó ń da àwọn òbí wa láàmú jù ni ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń lọ. Ọ̀rọ̀ "date" tí àwọn ọmọ ń lò ló fa ìjà. Ọmọ á ní, "Mọ́mì, mo ti ní date," ìyá á gbọ́ pé ọmọ ti ní àfẹ́sọ́nà. Nínú ọ̀rọ̀ prom, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé àwa méjì la jọ máa wọlé, a jọ máa ya fọ́tò, a máa jó díẹ̀, olúkúlùkù á sì padà sílé bàbá rẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fẹ́ra lóòótọ́. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ láti kíláàsì kejì, ọmọ àdúgbò, tàbí mọ̀lẹ́bí. Bí ẹni náà bá wá láti ilé ìwé mìíràn, fọ́ọ̀mù wà tí àwọn ọ̀gá ilé ìwé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin sì lè kó ara wọn jọ lọ láìsí ọkùnrin kankan. Èèyàn sì lè dá lọ. Kò sí ìlérí kankan nínú rẹ̀ tó kọjá alẹ́ ọjọ́ náà, àfi tí àwọn ọmọ méjèèjì bá ti ní tiwọn nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bi ara wọn náà ti di àṣà tó dá dúró. Promposal ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tuntun tó ti wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè. Ọmọkùnrin á kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú páálí pizza, ó ṣí i lójú gbogbo kíláàsì. Òmíràn á gbé bébà ńlá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọbìnrin pẹ̀lú òdòdó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa ká fídíò. Èmi kò fẹ́ràn èyí tí wọ́n ń ṣe lójú èrò. Ọmọ tí igba ojú ń wò, tí fóònù ń ká ohùn rẹ̀, ó ṣòro fún un láti sọ pé rárá. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ọkùnrin, ẹ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ bi ọmọbìnrin náà ní kọ̀rọ̀; bí ó bá ti gbà, ẹ jẹ́ kó wá gbé páálí rẹ̀ jáde. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ẹ jẹ́ kó mọ̀ kó tó di ọjọ́ yẹn pé òun lè kọ̀, kò sì sí ohun tí yóò ṣe é.

Òdòdó tí Màmá rí, kì í ṣe òrùka. Corsage ni wọ́n ń pe ti obìnrin. Àyà ni wọ́n ń fi pín-ìnnì so ó mọ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò gba pín-ìnnì, bó ṣe bọ́ sí ọrùn ọwọ́ nìyẹn. Ọmọkùnrin ló ń rà á wá. Ọmọbìnrin náà á ra èyí tó kéré, boutonnière, tí wọ́n ń so mọ́ apá òsì kóòtù. Àwọ̀ òdòdó àti àwọ̀ táì gbọ́dọ̀ bá àwọ̀ gáùn mu, ìdí nìyẹn tí ọmọkùnrin fi máa ń béèrè àwọ̀ aṣọ lọ́wọ́ ọmọbìnrin ní bí oṣù kan ṣáájú. Àǹkóò ni, bí tiwa gẹ́lẹ́, ó kàn jẹ́ ti ẹni méjì.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀sán ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: irun, àtíkè, èékánná. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ á pé jọ sí ilé ẹnì kan fún fọ́tò. Apá yìí ni ti òbí, mo sì rò pé ó dùn ju ijó náà lọ. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ó ti di òde odindi tí wọ́n ń pè ní send-off. Gbogbo àdúgbò á jáde, wọ́n á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa sí iwájú ilé, wọ́n á gbé àga bí ìtẹ́ ọba kalẹ̀, wọ́n á se oúnjẹ, ìyá àgbà á jókòó síwájú. Ọmọ á wá jáde láti ẹnu ọ̀nà, ariwo á sọ. Mo ti bá wọn dúró níbi ọ̀kan rí, àwọn àbúrò bàbá ọmọ ń ná owó sí i lórí, omi sì bọ́ lójú mi. Ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò tí kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń dàgbà níbẹ̀, ó ti pé ọdún méjìdínlógún, ó ti fẹ́ parí girama. Ìdí tí wọ́n fi ń yọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ní àwọn ìlú kéékèèké ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, yíyan fanda ti àtijọ́ ṣì wà. Grand March ni wọ́n ń pè é: wọ́n á pe orúkọ àwọn ọmọ ní méjì-méjì, wọ́n á rìn kọjá níwájú àwọn òbí kí àwọn òbí tó lọ sílé. Ìlú Racine ní Wisconsin ló mú un dé góńgó. Láti 1953 ni ẹgbẹ́ Rotary ìlú náà ti ń gba àwọn ọmọ gbogbo ilé ìwé girama wọn lálejò ní òru lẹ́yìn prom. Àwọn ará ìlú á tò sí ẹ̀gbẹ́ títì láti wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú oríṣiríṣi ọkọ̀, tẹlifíṣọ̀n á sì máa gbé e.

Nínú gbọ̀ngàn, nǹkan kò le tó bí òbí ṣe ń rò ó. Wọ́n á gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wo inú báàgì. Ilé ìwé mìíràn á ní kí ọmọ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń mọ ẹni tó ti mu ọtí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún lófin gbà láyè láti ra ọtí ní Amẹ́ríkà, nítorí náà kò sí ọtí ní prom. Àwọn olùkọ́ á dúró káàkiri. Wọ́n á jẹun, DJ á lu orin, wọ́n á dé adé fún ọba àti ayaba prom tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ìbò yàn. Ipò náà kò ní iṣẹ́ kankan lẹ́yìn alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti parí.

Bí òbí bá fẹ́ bẹ̀rù, lẹ́yìn tó bá parí ni kó bẹ̀rù. Àwọn ọmọ tí kò tíì fẹ́ lọ sùn máa ń wá ilé tí òbí kò sí, tàbí ilé tí òbí ti ń dijú sí ọtí, lẹ́yìn náà wọ́n á wakọ̀ lóru. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti bá èyí lọ. Ní ìpínlẹ̀ Maine, lẹ́yìn tí jàǹbá ọtí pa àwọn ọ̀dọ́ ní àkókò ìjáde ilé ìwé ní 1979, àwọn òbí àti ilé ìwé bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní Project Graduation ní 1980: àríyá tí kò ní ọtí, tí ó máa ń gba gbogbo òru, tí àwọn òbí fúnra wọn ń ṣọ́. Ó tàn káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn prom pẹ̀lú. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ọmọ yín kì í ṣe "ta ni ọmọkùnrin yẹn?" nìkan. Ẹ bi í pé, "Ta ló ń wakọ̀? Níbo lẹ ń lọ tí ijó bá parí? Ta ni àgbàlagbà tó wà níbẹ̀?" Ẹ sì sọ fún un pé bí nǹkan bá yí padà, aago kí ó wù kó lù, kó pè yín, ẹ máa wá gbé e, ẹ ò sì ní bínú lóru náà.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ìwádìí tí Visa, ilé iṣẹ́ káàdì ìsanwó, ṣe ní 2015 sọ pé ìdílé kan ń ná tó dọ́là 919 lórí prom, dọ́là 324 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti promposal nìkan. Owó gidi ni fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Àmọ́ kò pọn dandan. Yíyá ni ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ń yá kóòtù wọn. Ọ̀pọ̀ ìlú ní ẹgbẹ́ aláàánú tó ń gba gáùn tí wọ́n ti wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á fún ọmọ tí kò ní, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi téèpù aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi ń lẹ nǹkan ṣe aṣọ ara wọn látòkè délẹ̀, nítorí láti 2001 ni Duck Brand, ilé iṣẹ́ tó ń ta téèpù náà, ti ń fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe jù ní ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́.

Níbi aṣọ yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé. Àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti mọ̀ báyìí pé télọ̀ Èkó àti Ìbàdàn lè rán ohun tí ṣọ́ọ̀bù ìlú wọn kò ní. Wọ́n ń rí iṣẹ́ wọn lórí Instagram àti TikTok, wọ́n á wọn ara wọn nílé, wọ́n á fi nọ́ńbà ránṣẹ́ pẹ̀lú àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́, aṣọ á wọ bàálù. Màmá sọ fún mi pé gáùn mẹ́fà mìíràn ló so rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ náà lọ́jọ́ tí òun lọ, bébà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí: Atlanta, Detroit, Philadelphia. Àwọn ọmọ tó ń ran télọ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n ń lẹ òkúta ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ aṣọ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, tún mọ prom ju àwa tí a ti kàwé lọ.

Ohun kan wà tí n kò lè fò nínú ìtàn yìí, torí ẹni tó bá rí ayọ̀ send-off láì mọ̀ ọ́n yóò rò pé àṣejù lásán ni. Prom jẹ́ ibi tí wọ́n ti fi han ọmọ dúdú pé kì í ṣe ara wọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́ ní 1954 pé kí ìyàsọ́tọ̀ dúdú àti funfun nínú ilé ìwé ìjọba dópin. Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù kò ṣe é títí di nǹkan bí 1970. Nígbà tí wọ́n fi tipátipá dà wọ́n pọ̀, ilé ìwé mìíràn kàn fagi lé prom. Àwọn òbí aláwọ̀ funfun wá gba gbọ̀ngàn tiwọn ní ìdákọ́ńkọ́, wọ́n ṣe é fún ọmọ tiwọn. Àwọn dúdú náà ṣe tiwọn. Àwọn ọmọ tó ń jókòó pọ̀ ní kíláàsì, tó ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀, ń dágbére fún ara wọn ní gbọ̀ngàn méjì.

Ẹ má rò pé ayé àtijọ́ ni mo ń sọ. Ní Taylor County, Georgia, 2002 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ tí gbogbo wọn jọ lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ funfun kan tún padà ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Ní Charleston, Mississippi, òṣèré Morgan Freeman ní òun máa san gbogbo owó prom ní 1997 bí wọ́n bá lè ṣe é papọ̀. Wọn kò gbà. 2008 ni wọ́n tó gbà. Ní Wilcox County, Georgia, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin, dúdú méjì àti funfun méjì, tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́, ní àwọn ò ní lọ sí gbọ̀ngàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n fi Facebook wá owó, wọ́n sì ṣe prom tiwọn fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kẹrin 2013. Lọ́dún 2014, ilé ìwé náà gbé e ṣe fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ló ṣe ohun tí àgbà ìlú kọ̀ láti ṣe. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó fẹ́ mú ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ dání lọ sí prom: adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Rhode Island dájọ́ ní 1980 pé ilé ìwé kò lè dí Aaron Fricke lọ́wọ́.

Nílé níbí, àwọn ilé ìwé aládàáni kan ní Èkó àti Àbújá ti ń ṣe prom fún àwọn SS3, ohun tí a máa ń pè ní send-forth nígbà tiwa, tó jẹ́ ráìsì, mínírà àti orin láti inú ẹ̀rọ olùkọ́. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń tètè bá a pàdé, nítorí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò girama tí wọ́n ń pè ní GCSE ni wọ́n ń ṣe é fún níbẹ̀. Ọjọ́ orí yẹn kéré, ó sì tọ́ kí òbí dúró ṣinṣin lórí aago tí ọmọ máa wọlé.

Mo pe Màmá padà lọ́jọ́ kejì, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dákẹ́ títí mo fi parí. Ó wá béèrè pé, ṣé inú gáùn tó wúwo tó báyẹn náà ni ọmọ òun ti jó? Mo lọ bi ọmọ náà. Ó ní télọ̀ ti rán ìkọ́ sí abẹ́ ìdí aṣọ, pé àwọn kàn gbé ìrù rẹ̀ so sókè lẹ́yìn fọ́tò, òun sì bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì kí orin kejì tó parí.